Ṣé ẹni tó wà lórí físà lè dìbò ní Ìlú Ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Manchester ni mo ń gbé. Físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ni mo bá wọ Ìlú Ọba lọ́dún 2023, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 16. Lóṣù tó kọjá, kánsù fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé wa pé ká kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọkọ mi fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká yáa ya ìwé náà dànù, pé àlejò tó bá dìbò, ńṣe ni wọ́n máa dá a padà sílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èkejì, káàdì ìdìbò mi ti Nàìjíríà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òṣogbo. Ṣé ó lè bá mi fi dìbò tí ọjọ́ bá pé? Ẹ ṣé, sà. Èmi ni Ìyá Ayọ̀.

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn lọ́dọ̀ àwọn arúgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ìwé yẹn. Ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Ìlú Ọba, láti ìgbà tí ẹ ti dé tí ẹ sì ti rílé gbé. Kì í ṣe ìdìbò kánsù nìkan o. Ẹ lè dìbò yan aṣojú sí ilé aṣòfin ní Westminster, ìyẹn ìdìbò tó ń sọ ẹni tó máa ṣe olórí ìjọba. Ẹ ò ní láti kọ́kọ́ gba páṣípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò sì ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá fún yín níwèé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́. Físà tó wà lọ́wọ́ yín báyìí tó.

Mo ti jókòó sídìí tábìlì ibùdó ìdìbò ní gúúsù London lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti bá àwọn èèyàn wa kọ fọ́ọ̀mù yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nídìí ìkómọjáde pàápàá. Ìbéèrè yín yìí ni mò ń gbọ́ jù. Ẹ̀rù ló sì máa ń wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe àìbìkítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Òfin tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ náà ni òfin ìdìbò Ìlú Ọba ti ọdún 1983. Ó ní ẹni tó lè dìbò sí ilé aṣòfin ni ẹni tó ti pé ọdún 18, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò, tí òfin kankan ò ká lọ́wọ́ kò, tó sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland tàbí ọmọ Commonwealth, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì rí, tí Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Òfin yẹn ò ya ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ọmọ Commonwealth, ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí aládùúgbò yín tí wọ́n bí sí Manchester ń gbà dìbò náà ni tiyín. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi kún un fún wa ni pé kí àṣẹ ìgbélùú wa má tíì parí. Ì báà jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, ti òṣìṣẹ́, tàbí ti ẹni tó tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá bíi ti ọkọ yín, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ níwájú òfin yìí.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe wá rí bẹ́ẹ̀? Láyé ìjọba amúnisìn, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní ọmọ abẹ́ ọba, ẹni tó bá sì ń gbé Ìlú Ọba nínú wọn lè dìbò níbẹ̀ tó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè gbòmìnira lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò gba ẹ̀tọ́ náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìjọba kan náà ń ṣe nílé wa nígbà yẹn. Nínú òfin ìjọba tí Gómìnà Hugh Clifford gbé jáde lọ́dún 1922, Èkó àti Calabar nìkan ló ń dìbò nínú gbogbo Nàìjíríà: aṣojú mẹ́ta fún Èkó, ẹyọ kan fún Calabar. Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rí £100 lọ́dún, tó ti gbé ìlú náà fún oṣù 12. Ta ló ń rí £100 lọ́dún ní Èkó nígbà náà? Àwọn akọ̀wé ńlá, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn oníṣòwò tó rí jájẹ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Herbert Macaulay kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó lọ́dún 1923, àwọn ìyálọ́jà tó ń bọ́ ìlú ò fọwọ́ kan ìwé ìbò. Àwọn obìnrin ìhà àríwá ò sì rí ìbò dì títí di àwọn ọdún 1970. Mo máa ń rántí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ya lẹ́tà kánsù. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀tọ́ yìí ò kárí gbogbo ọmọ Yorùbá o. Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kétu ní ilẹ̀ Benin ò jìnnà síra, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, àna ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ká ní ọmọ Ìmẹ̀kọ kan àti ọmọ Kétu kan jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, tí físà wọn bára mu látòkè délẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀kọ á dìbò, ọmọ Kétu ò ní lè dìbò, torí pé Faransé ló jọba lé Benin lórí, Benin ò sì sí nínú Commonwealth. Ṣùgbọ́n tí ọmọ Kétu yẹn bá kó lọ sí Glasgow, ó lè dìbò sí ilé aṣòfin Scotland àti kánsù ibẹ̀. Tó bá kó lọ sí Cardiff, ó lè dìbò sí ilé aṣòfin Wales àti kánsù, torí òfin tí àwọn méjèèjì ṣe láàárín ọdún 2020 sí 2021 gba àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú láyè. Ti Westminster nìkan ni kò ní lè bá wọn dì.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sọ. Ìbò dídì kò ba físà jẹ́. Kò sí ìwé ìgbélùú kankan tó ní kí ọmọ Nàìjíríà tó lẹ́tọ̀ọ́ má dìbò. Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí físà hàn mí, pé èèyàn ò gbọdọ̀ gba owó ìjọba. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bí owó ilé àti owó àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbò kì í ṣe owó, kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Òótọ́ ni pé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kánsù lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba bóyá físà yín ṣì dára. Kò sí nǹkan tó kàn yín níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí físà yín kò bá tíì parí. Bí ẹ bá ti kọ̀wé fún òmíràn kó tó parí, tí ẹ ṣì ń retí èsì, ẹ̀tọ́ yín ò tíì bọ́.

Kódà, ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ya yẹn ló lè kó yín sí wàhálà. Ẹni tó bá kọ̀ láti dáhùn ìwé tí kánsù fi ń béèrè orúkọ àwọn ará ilé lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti fi dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ìdẹ́rùbà tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ náà.

Àǹfààní kan tún wà tí wọn kì í sọ fún àlejò. Ìwé olùdìbò ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wò bóyá èèyàn ṣeé yá lówó máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé àdírẹ́sì tí ẹ pè ni ẹ̀ ń gbé lóòótọ́. Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ máa ń rí fóònù, ilé tàbí owó yá ní ìrọ̀rùn ju ẹni tórúkọ rẹ̀ ò sí. Láti inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti ń pe èèyàn láti wá jókòó ní kóòtù, kó bá wọn dá ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé Ìlú Ọba fún ọdún 5 ó kéré tán lẹ́yìn tó pé ọdún 13, nítorí náà kò tíì kàn yín. Tó bá wá kàn yín lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ iyì ni.

Ta wá ni kò gbọdọ̀ dìbò? Ẹni tí físà rẹ̀ ti parí tí kò sì kọ̀wé fún òmíràn. Ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò oṣù mélòó kan, torí kì í gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi fún, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣì ń dúró de ìdájọ́ rẹ̀ lè dìbò. Àwọn tó jókòó nílé àwọn olóyè àgbà, House of Lords, ò gbọdọ̀ dìbò yan aṣojú sí ilé aṣòfin kejì, House of Commons. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí ìwé rẹ̀ ti tán, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má parọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀ṣẹ̀ gidi nìyẹn, kì í ṣe ohun tí à ń fi ọgbọ́n orí yọ nínú ẹ̀.

Ayọ̀ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, ó lè forúkọ sílẹ̀ láti ọdún 16, ṣùgbọ́n ọdún 18 ni òfin tí à ń lò fi ń gbé ìwé ìbò léni lọ́wọ́. Ká ní Scotland tàbí Wales ni ẹ̀ ń gbé ni, ì bá ti dìbò sí ilé aṣòfin ibẹ̀ àti kánsù ní ọdún 16. Ìjọba kéde ní oṣù Keje 2025 pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di 16 fún gbogbo ìdìbò. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, kó má bàa di ohun ìgbàgbé.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, lójú ewé ìjọba, gov.uk/register-to-vote. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yọ owó yín níbi iṣẹ́, National Insurance, ni wọ́n máa béèrè. Kálukú ló ń kọ tirẹ̀, baálé ò lè kọ ọ́ fún gbogbo ilé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Bí ẹ bá kó kúrò nílé yẹn, ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tuntun. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyẹn, torí à ń kó kiri bí iṣẹ́ bá ṣe gbé wa.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé tó ní àwòrán ní ibùdó ìdìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbí, ẹ gbọ́ dáadáa: páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó o. Páṣípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè Commonwealth èyíkéyìí wà lára ohun tí wọ́n ń gbà, kódà bí ọjọ́ tó yẹ kó parí bá ti kọjá, tí àwòrán inú rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Láìsẹ̀nsì ìwakọ̀ Nàìjíríà, wọn ò gbà á. Àwòrán inú fóònù náà, wọn ò gbà á. Ìwé gidi ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kankan lè ní kí wọ́n bá òun ṣe ìwé ẹ̀rí olùdìbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo rántí ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ 4 oṣù Keje 2024. Ó ti tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí obìnrin kan wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lò, aṣọ iṣẹ́ olùtọ́jú ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Mo kí i, ó gbóhùn mi, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ó tú ọ̀rá kan, ó yọ páṣípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé, ó nà án sí mi bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n máa dá a padà fún òun. Ó ní, "Èyí nìkan ni mo ní o." Mo ṣí i síbi àwòrán, mo wò ó, mo wo ojú rẹ̀. Mo gbé rúlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, mo fa ìlà lé e, ẹni tó jókòó tì mí já ìwé ìbò kan fún un. Ó wọ inú àgọ́ pákó kékeré, níbi tí wọ́n fi okùn so pẹ́ńsù mọ́, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó ti ìwé náà bọ inú àpótí, ó yíjú sí mi: "Ṣé ó tán náà nìyẹn?" Mo ní ó tán. Ó ní ká ní ilé ni, àárọ̀ kùtù lòun ì bá ti wà lórí ìlà.

Àgbègbè ibòmíràn ni tiwa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní Hendon ní àríwá London, ìbò 15 péré ló wà láàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tó ṣe ìkejì. Ìbò 15! Ìdílé mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà ni Bayo Alaba wọlé ní Southend East and Rochford, tí Taiwo Owatemi sì tún wọlé ní Coventry. Ilé aṣòfin Westminster tí wọ́n wọ̀ yẹn ló ń ṣe òfin físà yín, iye owó tí ẹ̀ ń san lórí rẹ̀, àti bóyá olùtọ́jú lè mú ìdílé rẹ̀ wá.

Ibùdó ìdìbò máa ń ṣí láti aago méje àárọ̀ di mẹ́wàá alẹ́. Bí iṣẹ́ yín kò bá ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, ẹ béèrè fún ìbò inú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ní ọjọ́ iṣẹ́ 11 ṣáájú ìdìbò. Òfin tún gbà kẹ́ ẹ yan ẹnì kan tó máa lọ dìbò dúró fún yín.

Ìyẹn ló gbé wa dé Òṣogbo, torí ohun tí Ìlú Ọba gbà yìí, Nàìjíríà ò gbà á. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè fi káàdì yín dìbò. Ìka àti ojú ẹni tó ni káàdì ni ẹ̀rọ BVAS ń yẹ̀ wò ní ibùdó, ojú ẹ̀gbọ́n yín kò sì ní bá tiyín mu. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ mú un ni. Kó tọ́jú káàdì náà sínú àpótí, kó má sì gbé e fún olóṣèlú kankan tó bá ní òun ń kó káàdì jọ.

Ẹ̀tọ́ yín nílé ò kú o. Abala 77 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ọmọ orílẹ̀-èdè tó ti pé ọdún 18, tó ń gbé Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ilé lẹ wà nígbà tí ẹ gba tiyín, orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wà nílé lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ gbé káàdì yín, ẹ lọ sí ibùdó tórúkọ yín wà. Bí ẹ bá tilẹ̀ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́la, ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí kì í torí ẹ̀ pàdánù tirẹ̀. Ohun tí kò sí ni kéèyàn jókòó sí Manchester kó dìbò sí Abújá. Wọ́n gbé àbá rẹ̀ lọ síwájú ilé aṣòfin wa, wọ́n sì dà á nù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022. Mo rò pé wọn ò ṣe dáadáa. Àwọn èèyàn tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí wọ́n ń sanwó ilé ìwé àti owó oògùn, ó yẹ kí wọ́n lóhùn nínú bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba lé àwọn tí wọ́n ń bọ́ lórí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló kù, torí mo mọ̀ pé ẹ máa fi èsì yìí ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Lọ́hùn-ún, ọmọ onílùú nìkan ló ń dìbò yan ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀. Ẹni tó ní green card, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó, tó bá dìbò yẹn, wọ́n lè fi sẹ́wọ̀n, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Níbi tí wọ́n ti ń gba láìsẹ̀nsì ọkọ̀, wọ́n lè bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kó ní rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí ni ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́, tó rò pé ó kan Manchester. Kánádà náà, bó tilẹ̀ wà nínú Commonwealth bíi tiwa, ọmọ Kánádà nìkan ló ń jẹ́ kó dìbò yan ìjọba àpapọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ náà, wọ́n máa bi yín léèrè ọmọ orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbẹ̀, tí ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, tí wọ́n á pa fóònù dé. Ẹ má pa á dé. Ẹ kọ Nàìjíríà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ èyí tó kàn.